Ẹgbọrọ abo màlúù tí a fi àtọ̀ sí, tí wọn ò gba oyún: kí ni kí n ṣe?

Ọlọ́sìn_Ìṣẹ́yìn (Ajé, 7:40 àárọ̀)
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mo ní ẹgbọrọ abo màlúù bí ogún lóko. Ìran Bunaji funfun ló pọ̀ jù nínú wọn, ìran N'Dama díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹran títà ni mo ń sìn wọ́n fún, kì í ṣe wàrà. Mo fẹ́ kí wọ́n bí ọmọ tí yóò tètè kún ju ti ilé lọ, ni mo ṣe ra àtọ̀ akọ Simmental àti ti Brahman, ìran màlúù òkèèrè méjì, mo wá pe ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe iṣẹ́ AI, ìyẹn fífi ọwọ́ dá àtọ̀ sínú abo láìlo akọ. Oṣù Kejì ló ṣe é. Ó fún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ kan kí wọ́n lè jọ wá akọ pọ̀, ó padà wá lọ́jọ́ kẹta, ó sì fi àtọ̀ sí gbogbo wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Nígbà tí dókítà ẹran wá yẹ̀ wọ́n wò, mẹ́rin péré ló lóyún.

Ọ̀gbẹ́ni náà ní ẹran mi ni kò dáa. Darandaran mi ní àtọ̀ òyìnbó ni kò bá ẹran wa mu. Owó straw (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí àtọ̀ wà nínú rẹ̀), owó nàìtírójìn tí wọ́n fi ń mú un tutù, owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n wá akọ sí àárín wọn kí n sinmi?

Jagun_Ṣakí (Ajé, 8:05 àárọ̀)
Ẹ̀gbọ́n, akọ ni kí ẹ rà. Akọ kì í béèrè nàìtírójìn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa mọ èyí tó ń wá akọ, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru. Ẹ jẹ́ ká fi AI sílẹ̀ fún àwọn tó ní ọ̀nà tó dáa àti iná tí kì í lọ.

Dókítà_Ẹran_Ìbàdàn (Ajé, 9:22 àárọ̀)
Jagun, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n akọ Bunaji ò lè bí irú ọmọ tí ẹ̀gbọ́n ń wá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tó ti bàjẹ́.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún wọn yẹn, prostaglandin ni yóò jẹ́. Ẹ wo ìgò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí cloprostenol, irú prostaglandin kan, lára rẹ̀. Kókó kan wà tó máa ń yọ lórí ilé ẹyin lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde. Kókó yìí ni abẹ́rẹ́ náà ń tú, kí abo lè tún wá akọ. Kò lè mú abo tí kò ní kókó yìí wá akọ. Ní bí ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹran wá akọ, kókó náà ṣì kéré, kì í gbọ́ ti abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 17, ó ti ń tú fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ká tilẹ̀ ní gbogbo ẹran yín ló ń wá akọ ní ọjọ́ 21, 21 bó ṣe yẹ, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan kò lè kó gbogbo wọn jọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, tí a ń fi ọjọ́ 11 sí 14 sí àárín. Àwọn tí abẹ́rẹ́ sì ràn, ọjọ́ kejì ni òmíràn máa wá akọ, ọjọ́ kẹrin ni ti òmíràn. Bí ẹ bá fi àtọ̀ sí gbogbo wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta láìwo ojú ẹnì kankan, ẹ ti yá jù fún àwọn kan, ẹ sì ti pẹ́ jù fún àwọn kan.

Èyí tí kò tíì bàlágà ńkọ́? Ìyẹn ò ní kókó, kò ní ẹyin. Àtọ̀ tí ẹ fi sí i, ẹ dà á nù ni. Ibẹ̀ ni ìbéèrè mi gan-an wà: kílò mélòó ni wọ́n? A kì í fi àtọ̀ sí ẹgbọrọ tí kò tíì tó ìdá 60 sí 65 nínú 100 ìwọ̀n tí yóò wọ̀n nígbà tó bá dàgbà tán. Bí ìyá Bunaji ládùúgbò yín bá wọ̀n tó kílò 320, ẹgbọrọ yẹ kó ti wọ bíi kílò 195 sí 210. Ẹ má fi ọjọ́ orí nìkan ṣe é o. Bunaji tí ebi ẹ̀ẹ̀rùn ń pa lè pé ọdún mẹ́ta kó má tíì wá akọ rí. Oṣù Kejì tí ẹ mú yìí, koríko ti gbẹ, ẹran ń rù. Ẹran tó ń rù ṣòroó gbé oyún dúró.

Ìbéèrè kejì: ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ yẹ inú wọn wò kí wọ́n tó gún wọn? Prostaglandin máa ń ṣẹ́ oyún tó bá ti wà níbẹ̀.

Ọmọ_Gáà (Ajé, 12:10 ọ̀sán)
Èmi ò kàwé dókítà, ṣùgbọ́n àárín màlúù ni mo dàgbà sí. Bunaji máa ń fi ara pamọ́ nígbà tó bá ń wá akọ. Kò dà bíi màlúù òyìnbó tí yóò máa ké kiri. Òru ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn, nígbà tí oòrùn bá fi máa là, ó lè ti tán. Ẹni tó bá jí ní aago mẹ́jọ tó lọ ń wò wọ́n, kí ló fẹ́ rí?

Ohun mìíràn: èyí tó ń gun ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ mú. Èyí tó dúró jẹ́ẹ́ tí wọ́n ń gùn, tí kò sá, òun ni. Ẹ máa rí omi tó mọ́ gaara tó ń fà bíi funfun ẹyin nídìí rẹ̀, irun ìdí rẹ̀ á rí wúruwùru. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ rí, ó ti kọjá nìyẹn, ẹ má fi àtọ̀ ṣòfò. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ tún máa ṣọ́ ọ láti bí ọjọ́ 16 sí i.

Ìyá_Ọlọ́sìn_Ògbómọ̀ṣọ́ (Ajé, 3:47 ọ̀sán)
Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni tèmi, nítorí mo rí i pé abẹ́rẹ́ làwọn ọkùnrin máa ń sáré bá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn dáadáa ní oṣù méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Kí ara wọn máa gòkè títí di ọjọ́ tí wọ́n máa fi àtọ̀ sí wọn, kó má sì já wálẹ̀ lójijì lẹ́yìn rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, ṣùgbọ́n ẹ sá a kó gbẹ dáadáa kí májèlé inú rẹ̀ lè lọ. Èèpo ẹ̀gẹ́ ń fúnni lágbára, kò ní èròjà tó ń mú ara dàgbà, ẹ fi PKC (èérí ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ti fún epo rẹ̀) tàbí èérí bíà kún un. Ewé àgúnmánìyè tún dára, ó sì wà lára ọgbà yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má gbàgbé iyọ̀ lílá tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, torí iyọ̀ ọbẹ̀ lásán ò tó. Ẹ wo ìhà wọn: kí ọwọ́ lè mọ eegun rẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ojú má máa kà á láti òkèèrè. Kì í ṣe kí ẹran wá sanra kọjá ààlà o, ìyẹn náà kì í gba oyún dáadáa, ìbí rẹ̀ sì máa ń le.

Lórí ìgbà: bí ẹ bá ṣe é ní oṣù Kẹfà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Keje, oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ díẹ̀ ni màlúù ń gbé oyún, wọ́n á bí nígbà tí òjò Òkè-Ògùn ń bẹ̀rẹ̀. Koríko tútù á wà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú.

Abẹ́rẹ́ tí Dókítà dárúkọ yẹn, kí aboyún má fọwọ́ kàn án rárá. Ó máa ń gba awọ ara wọlé, ó sì lè ba oyún jẹ́. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée náà kó jìnnà sí i. Ìbọ̀wọ́ ni kí ẹni tó bá ń fà á sínú sìríǹjì wọ̀. Mi ò mọ ìdí tí àwọn tó ń tà á kì í fi í sọ fún èèyàn.

Ọmọ_Òkè_ní_Nebraska (Ajé, 6:30 ìrọ̀lẹ́)
Mo kí gbogbo ilé. Oko màlúù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Amẹ́ríkà, ìran màlúù Angus la ń sìn. Mi ò fara mọ́ ọn pé kí èèyàn máa ṣọ́ ẹran lóru. Ẹgbọrọ rẹpẹtẹ la máa ń fi àtọ̀ sí lọ́jọ́ kan níbí, àsìkò la fi ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní CIDR, ó rí bíi lẹ́tà T, họ́mónù progesterone wà lára rẹ̀. A máa ń tì í bọ ojú ara ẹgbọrọ, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 14. Lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́, a ó ka ọjọ́ 16, a ó wá fún un ní prostaglandin. Bó bá di wákàtí 66 lẹ́yìn ìyẹn, a ó fi àtọ̀ sí gbogbo wọn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ GnRH, họ́mónù tó ń mú kí ẹyin jáde. Èyí tó yá wà, ọjọ́ méje ni CIDR ń lò nínú wọn, àtọ̀ sì máa ń wọlé ní bíi wákàtí 54 lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́. Ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń gbà á lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Ní bí oṣù kan ṣáájú, dókítà máa ń fọwọ́ wo ilé ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fún wọn ní máàkì láti 1 dé 5. Èyí tó bá gba 1, ilé ọmọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọmọdé, a kì í ná kọ́bọ̀ lé e lórí, ọ̀dọ̀ àwọn ẹran tí à ń bọ́ fún pípa ló ń lọ.

Dókítà_Ẹran_Ìbàdàn (Ajé, 8:15 alẹ́)
Àbúrò wa ní Nebraska, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ máàkì yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mú. Ṣùgbọ́n ètò Angus kì í fi gbogbo ìgbà bá màlúù oníké mu. Ní Brazil ni kí a ti wo àwòkọ́ṣe, torí Nelore tó kún ibẹ̀, oníké bíi Bunaji ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi nǹkan progesterone náà sí i, wọ́n á fún un ní họ́mónù estradiol benzoate, wọ́n á yọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n á fún un ní prostaglandin àti eCG (họ́mónù tó ń ran ẹyin lọ́wọ́ láti dàgbà) pẹ̀lú estradiol díẹ̀ sí i, bó bá di wákàtí 48 wọ́n á fi àtọ̀ sí i. Wọn ò fọwọ́ sí estradiol fún irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í rí i níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìṣẹ́yìn kò nílò gbogbo ìyẹn fún ẹran ogún. Ní tèmi, abẹ́rẹ́ prostaglandin ẹ̀ẹ̀mejì fún àwọn tó ti ń wá akọ, kí a sì ṣọ́ wọn. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Ìbọ̀wọ́_Gígùn (Ìṣẹ́gun, 6:02 àárọ̀)
Iṣẹ́ AI yìí ni mo fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìṣirò kan tí àwọn oníbàárà kì í fẹ́ gbọ́. Ká ní ẹran ogún ló ń wá akọ, tí ẹ sì rí ìdá 60 nínú 100 wọn, 12 nìyẹn. Ká ní àtọ̀ dúró lára ìdá 60 nínú 100 àwọn 12 yẹn, méje ló lóyún. Méje nínú ogún, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe ńlá kankan! Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé òun máa fún ogún lóyún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ béèrè owó yín padà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní gbèjà ẹni tí mi ò mọ̀. Kí ni wọ́n fi yọ́ àtọ̀ náà? Omi tó wà láàárín 35 sí 37 (Celsius) lórí tẹmọ́mítà ló yẹ, straw kékeré á lo bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá nínú rẹ̀, èyí tó tóbi á lo 45. Fífi ìka tọ́ omi wò kì í ṣe òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà, kí a nu straw gbẹ kí a tó gé e, torí ẹ̀kán omi kan lè pa àtọ̀. Kí ìbọn AI, irinṣẹ́ tí a fi ń ta àtọ̀ sínú abo, má rí oòrùn, kí àtọ̀ sì ti wà nínú abo kó tó di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá yọ́ straw mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án gangan, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ti kú kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ibi tí a ń dà á sí náà ní ọ̀rọ̀. Ẹ gba ọrùn ilé ọmọ kọjá, ẹ dà á sẹ́nu ilé ọmọ gan-an, díẹ̀díẹ̀. Ọrùn ilé ọmọ ẹgbọrọ tóóró, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn máa ń dà á sẹ́yìn rẹ̀. Pépà gbígbẹ ni kí ẹ fi nu ìdí ẹran, ẹ má bu omi sí i.

Lórí àsìkò, mi ò bá Dókítà jà, àmọ́ òfin tí wọ́n máa ń kọ́ wa, pé èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ láàárọ̀, kí o fi àtọ̀ sí i nírọ̀lẹ́, kò bá Bunaji mu. Mo máa ń ṣe é kíá tí mo bá ti rí i.

Dókítà_Ẹran_Ìbàdàn (Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀)
Kíá kọ́, ẹ̀yin ọ̀gá ìbọ̀wọ́. Láti ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí wọ́n gùn ún, ẹyin á tó bíi wákàtí 25 sí 30 kó tó jáde. Àtọ̀ náà nílò wákàtí mélòó kan nínú ilé ọmọ kó tó lè ṣiṣẹ́. Nítorí náà òfin náà ṣì dúró: èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ibi tí ẹ ti ní ẹ̀tọ́ ni pé bí Ọmọ_Gáà ṣe sọ, èyí tí ẹ rí ní ìdájí ti lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín òru. Irú ìyẹn, ẹ ṣe é kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ má dúró di alẹ́.

Ìbọ̀wọ́_Gígùn (Ìṣẹ́gun, 7:41 àárọ̀)
Ó dáa. Lórí èyí tí a rí ní ìdájí, ọ̀rọ̀ wa dọ́gba.

Ọlọ́sìn_Ìṣẹ́yìn (Ìṣẹ́gun, 1:18 ọ̀sán)
Ẹ ṣé o, Olúwa á san án fún gbogbo yín. Mo fi téèpù wọ̀n wọ́n ní àyà lónìí. Àwọn tó pọ̀ jù lára Bunaji náà kò tó kílò 190, N'Dama kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjà ẹran ni mo ti ra èyí tó ju ìdajì wọn lọ, kò sẹ́ni tó yẹ inú wọn wò. Fíláàsì omi gbígbóná àti ife ni ọ̀gbẹ́ni náà lò, mi ò rí tẹmọ́mítà lọ́wọ́ rẹ̀.

Straw ṣì kù nínú táǹkì nàìtírójìn tí mo yá. Ṣé ó ṣì dáa? Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú méjèèjì ni kí n lò fún N'Dama?

Dókítà_Ẹran_Ìbàdàn (Ìṣẹ́gun, 2:50 ọ̀sán)
Kílò yẹn ti dáhùn ìbéèrè tó pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra abo lọ́jà, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: abo tó ń bímọ dáadáa, olówó rẹ̀ kì í sáábà gbé e lọ sọ́jà. Òmíràn ti ṣẹ́yún rí, òmíràn ti ní brucellosis, àrùn tó ń ba oyún ẹran jẹ́. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò kí ẹ tó ná owó mìíràn. Àrùn yẹn ń ran èèyàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán gbé oyún tó bá wálẹ̀.

Brahman lórí N'Dama? Ẹ má dán an wò. N'Dama kì í ṣe oníké, ìran mìíràn ni. Bí akọ Brahman bá gun abo tí kì í ṣe oníké, ọmọ inú máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ, ẹgbọrọ N'Dama sì kéré, ìdí rẹ̀ tóóró. Lórí Bunaji, tó jẹ́ oníké bíi tirẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Simmental, ẹ fi í pamọ́ de àwọn abo yín tó ti bímọ rí. Fún ẹgbọrọ, ẹ wá akọ tí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé rẹ̀ pé ìbí ọmọ rẹ̀ rọrùn. Ẹ sì rántí pé N'Dama ń fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ọmọ tí yóò bí fún akọ òyìnbó kò ní fi bẹ́ẹ̀ ní irú ara líle yẹn. Bí oko yín bá wà nítòsí odò, mi ò ní da N'Dama pọ̀ mọ́ ohunkóhun.

Ọmọ_Òkè_ní_Nebraska (Ìṣẹ́gun, 4:05 ìrọ̀lẹ́)
Ohun tí Dókítà sọ nípa ìwé akọ, ó ṣe pàtàkì. Angus pọ̀ tó jẹ́ pé torí ẹgbọrọ ni wọ́n ṣe yàn wọ́n. Wọ́n máa ń kọ CED (máàkì ìrọ̀rùn ìbí) sínú ìwé wọn, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga sí ni ìbí rẹ̀ ṣe rọrùn sí. Kí ẹnikẹ́ni má tà yín ní àtọ̀ tí wọ́n ti ṣà sí akọ tàbí abo. Àtọ̀ inú straw rẹ̀ kéré gan-an sí ti straw lásán, kì í sì í gbà bíi tirẹ̀.

Jagun_Ṣakí (Ìṣẹ́gun, 5:20 ìrọ̀lẹ́)
Akọ mi ńkọ́? Ṣé ẹ ti lé e lọ pátápátá ni?

Dókítà_Ẹran_Ìbàdàn (Ìṣẹ́gun, 5:58 ìrọ̀lẹ́)
Rárá o, Jagun, iṣẹ́ wà fún un. Lẹ́yìn tí a bá fi àtọ̀ sí wọn tán, a ó dúró bí ọjọ́ 10 sí 14, a ó wá tú akọ sí àárín wọn láti mú àwọn tí kò gbà. Ọjọ́ ìbí á jìnnà síra tó láti fi mọ ọmọ ta ni. Akọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti yege àyẹ̀wò ni o, kì í ṣe akọ aládùúgbò. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ sì rèé, kí ẹnikẹ́ni má kó wọn sínú ọkọ̀ lọ síbòmíràn, oyún ṣì fẹ́lẹ́ nígbà náà.

Ìbọ̀wọ́_Gígùn (Ìṣẹ́gun, 7:12 alẹ́)
Ẹ̀gbọ́n, nípa straw tó kù: ẹ ti rúlà onígi bọ ìsàlẹ̀ táǹkì, ẹ gbé e jáde, ẹ fì í sínú afẹ́fẹ́. Ibi tí yìnyín funfun bá dé lára rẹ̀ ni nàìtírójìn dé. Ọ̀pá tí inú rẹ̀ ṣófo ni kí ẹ má lò, á tú nàìtírójìn sí yín lójú. Bí ibi tí yìnyín dé bá ti fẹ́ kéré sí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ tún un rọ kíákíá. Bí ó bá ti gbẹ rí lẹ́ẹ̀kan, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan péré, tí wọ́n wá rọ omíràn lé e, straw á rí bíi tuntun, ṣùgbọ́n àtọ̀ inú rẹ̀ ti kú. Ẹ mú ọ̀kan lára wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ní máíkírósíkóòpù, kí wọ́n yọ́ ọ. Bí àwọn tó ń sáré lọ síwájú kò bá tó 30 nínú 100, ẹ má fi ìyókù sára ẹran kankan.

Ọlọ́sìn_Ìṣẹ́yìn (Ọjọ́rú, 6:50 àárọ̀)
Mo ti wọ̀n ọ́n. Yìnyín náà kò ga ju ìka mẹ́ta lọ. Ìbàdàn ni mò ń lọ báyìí, táǹkì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀ọ́, èérí bíà yẹn, ṣé tútù lẹ máa ń rà á ni àbí gbígbẹ?

Ìyá_Ọlọ́sìn_Ògbómọ̀ṣọ́ (Ọjọ́rú, 7:33 àárọ̀)
Gbígbẹ ni kí ẹ rà. Tútù máa ń hu olú kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ dì í mọ́ àpò, ẹ má gbé e lé ilẹ̀ lásán. Ẹ sì ṣí gbogbo fèrèsé ọkọ̀ yẹn bí ẹ ti ń lọ, nàìtírójìn tó bá ń tú jáde lè lé afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí sínú kúrò níbẹ̀.